Aago 4:30 ni mo ń jí, oorun kì í wá kó tó di aago 12. Kí ni kí n yí padà?

Ará Ìkòròdú:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina ni ibi iṣẹ́. Aago 4:30 ni álàámù ń dún, tó bá fi máa di 5:10 mo ti wà lórí ìlà BRT. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ la ń ṣíwọ́, súnkẹrẹ fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí n délé kó tó di aago 8 àbọ̀. Mo máa ń tòògbé nínú ọkọ̀ láti Kétu títí dé ilé. Tí mo bá ti jẹun, tí mo wẹ̀, 9:30 mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹni tó máa tètè jí gbọ́dọ̀ tètè sùn. Àmọ́ ojú á kàn là kedere ni. Màá yí sọ́tùn-ún, màá yí sósì, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì á máa ké, ó di nǹkan bí aago 12 kí oorun tó gbé mi lọ. Sátidé ni mo fi ń san gbèsè, mo máa ń sùn títí di aago 10 àárọ̀.

Ṣé kí n tún tètè wọlé sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni? Yàrá ń móoru, ẹ̀fọn ń bẹ, mo sì máa ń jẹ obì lọ́sàn-án kí ojú lè dúró. N kò fẹ́ oògùn oorun.

Ọmọ Ààjìn:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀nà. Ẹ má tètè wọlé sùn ju báyìí lọ o. Ẹ máa pẹ́ sí i ni, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ fún yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Nǹkan méjì ló ń mú oorun wá. Àkọ́kọ́ ni àárẹ̀ tó ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ojú ti là: ohun kan tí wọ́n ń pè ní adenosine máa ń kó jọ sínú ọpọlọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, oorun ló sì ń gbá a kúrò. Ìkejì ni aago inú ara, tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń tò. Aago yìí ní àṣà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta tó ṣáájú àkókò tí oorun ti mọ́ra láti wá, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń la ojú sílẹ̀ jù. Bí ara yín bá ti gbà pé aago 12 ni oorun, láàárín 9:30 sí 11 ojú yín á mọ́ bíi ti ọ̀sán. Ẹ kò ṣàìsàn, ẹ kàn ń dùbúlẹ̀ ní àkókò tí kò tọ́ ni.

Ẹ wá wo ibi tí oorun yín ń gbà lọ. Òògbé inú BRT yẹn ni olè. Bí ẹ bá sùn fún wákàtí kan láàárín aago 7 sí 8 alẹ́, ẹ ti ná lára àárẹ̀ tí ẹ ti ń kó jọ láti ìdájí. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì àti àkàrà yó ní aago 8 kò lè fi ojú rere wo iyán tí ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní aago 9. Ẹ kó òògbé ọkọ̀ lọ sí ìrìn àárọ̀, kò pa alẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí orí ti ń rí ibi fara tì. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, kí ẹ fi ìpè tí ẹ fẹ́ pe ìyá àti ẹ̀gbọ́n sí àkókò yẹn. Tí ọkọ̀ bá kọjá Máìlì 12 tí orí ń mì, ẹ dìde dúró. Bí ọ̀sán bá le jù, ẹ rẹjú níbi iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó tó di aago 3, pẹ̀lú álàámù. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 30, ó lè di oorun àsùnwọra, ẹ ó sì jí pẹ̀lú ojú wíwúwo.

Oorun Sátidé títí di aago 10 náà ń ṣe yín ní jàǹbá. Ó dà bíi pé ẹ fi wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sún aago inú ara sẹ́yìn, tí ẹ wá ní kó padà sípò lálẹ́ Sọ́ńdè. Ìdí nìyẹn tí oorun Sọ́ńdè fi máa ń nira jù fún òṣìṣẹ́. Àkókò jíjí ni kí ẹ kàn mọ́lẹ̀, àkókò sísùn á wá fúnra rẹ̀.

Ó kan ìṣirò. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àárọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má máa yọjú wo aago lóru. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ìgbà tí ẹ rò pé oorun gbé yín, bí ẹ ṣe jí lóru sí, àti ìgbà tí ẹ dìde. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ ọ́, ẹ ń lo wákàtí 7 lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń sùn fún 4 ààbọ̀. Ẹ pín 4.5 sí ọ̀nà 7, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, yóò fún yín ní 64. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo 100 àkókò tí ẹ fi ń dùbúlẹ̀, 64 péré lẹ fi ń sùn. Ó yẹ kó tó 85.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì kó tó di aago 11. Ẹ dìde ní 4:30, àti Sátidé àti Sọ́ńdè. Wákàtí 5 ààbọ̀ nìyẹn; a kì í dín in kọjá 5. Ọ̀sẹ̀ yẹn á gbóná, ẹ ó máa tòògbé lọ́sàn-án, àmọ́ oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yín ní kété tí orí bá kan ìrọ̀rí, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Bí ìṣirò ọ̀sẹ̀ náà bá tó 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bọ́ sí 10:45. Ìṣẹ́jú 15 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá wà láàárín 80 sí 85, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Tí kò bá tó 80, ẹ dín ìṣẹ́jú 15 kúrò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wọ ìsàlẹ̀ wákàtí 5. Láti 11 dé 9:30 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí kò bá sí ìfàsẹ́yìn, ẹ ó wá ní wákàtí 7 tó jẹ́ oorun ní tòótọ́. Arthur Spielman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1987. Ó wà lára ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní 2016, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kí wọ́n tó kan oògùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó lè géni lọ́wọ́, tàbí ẹni tó ní wárápá, kó má ṣe dín oorun rẹ̀ kù báyìí láìsí dókítà.

Ó ku òfin bẹ́ẹ̀dì. Oorun àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan ni bẹ́ẹ̀dì wà fún. Ẹ má jẹun lórí rẹ̀, ẹ má dúnàá dúrà lórí rẹ̀, ẹ má wo fídíò lórí rẹ̀. Bí oorun kò bá wá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 (ẹ fojú bù ú), ẹ dìde kúrò níbẹ̀, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá ń wúwo. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo lè tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kejì tàbí kó jókòó sórí àga, pẹ̀lú iná kékeré aláwọ̀ òféèfèé, kó máa ka ìwé tí kò dùn jù. Ara máa ń kọ́ ohun tí à ń ṣe níbì kan. Bẹ́ẹ̀dì tí a ti fi oṣù mẹ́fà ronú lórí rẹ̀, ìrònú ni yóò máa rán ara létí.

Bàbá Ìgbàlódé:
Ẹ̀yin ọmọ, ìṣirò ti pọ̀ jù. Aago 8 ni àwọn bàbá wa ń sùn, ẹnikẹ́ni kò pín nǹkan sí nǹkan. Kó pa fóònù, kó mu ife tíì gbígbóná kan, oorun á dé.

Apòògùn Òṣogbo:
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ o. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wa tètè ń sùn, àmọ́ wọ́n ti wà nínú oòrùn oko láti àárọ̀, lálẹ́ fìtílà ló wà nílé. Arákùnrin wa ń jáde nínú òkùnkùn, ó ń wọlé nínú òkùnkùn, iná ọ́fíìsì nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, lágbára ju ti inú ọ́fíìsì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Tó bá fẹ́ máa sùn bíi ti àwọn bàbá wa, kó jáde rìn níta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́, kó tó jókòó sídìí iṣẹ́. Kó má wo oòrùn lójú kòrókòró o.

Ní ti tíì, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tíì gidi kọ́ lálẹ́. Caffeine wà nínú rẹ̀, ó wà nínú kọfí, kóòkì àti énájì dríńkì, ó sì wà nínú obì, gbànja àti àbàtà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jókòó sí ibi tí adenosine fẹ́ jókòó sí nínú ọpọlọ. Àárẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ kò kàn gbúròó rẹ̀ ni. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ará Ìkòròdú, obì tí ẹ jẹ ní aago 3, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára ní aago 8, ìdá mẹ́rin rẹ̀ wà ní aago 1 òru. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń gbé mì, ó ń pẹ́ lára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ti aláboyún sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obì tó gbẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ kọjá aago 12 ọ̀sán. Bí ẹ bá ti ń jẹ púpọ̀, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, orí fífọ́ ni yóò fi san án. Mọ́ọ̀tì kò ní caffeine, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Kòkó tí a fi mílíìkì pò, tí gbogbo ilé ń pè ní tíì, ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ife kan fún àgbàlagbà kò tó ohun tí à ń sá fún.

Àwọn kan máa ń fi páráàga tàbí bíà wá oorun. Ọtí á gbé yín sùn kíákíá lóòótọ́. Nígbà tí ara bá lọ̀ ọ́ tán, ní nǹkan bí aago 2 sí 3, ẹ ó ta jí, ẹ ó làágùn, ẹ ó tọ̀, oorun ìlàjì kejì á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó tún ń mú kí híhanrun le sí i.

Inú mi dùn pé ẹ kò fẹ́ oògùn. Àwọn tí wọ́n ń gbé chlorpheniramine, oògùn ara yíyún, mì lálaalẹ́ torí pé ó ń mú ni tòògbé, ara wọn tètè ń mọ́ ọn débi pé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ojú á sì máa wúwo títí di ọ̀sán. Diazepam àti bromazepam, àwọn oògùn tí àwọn kan fi ń wá oorun, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara lè dì mọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgbàlagbà tó bá jí tọ̀ lè ṣubú. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí gìrì lè tẹ̀ lé e. Dókítà ni yóò bá a dín in kù.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide tàbí furosemide, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní òun kì í rí oorun sùn, ìtọ̀ ló ń jí wọn.

Bíríkìlà Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n kan yàrá o, torí ooru nìkan tó láti pa oorun.

Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń mu oòrùn láti ọ̀sán, aago 8 sí 11 alẹ́ ló ń pọ̀ ọ́ sínú yàrá. Tí fèrèsé bá wà ní títì títí ẹ fi dé, ẹ ti bá yàrá tó ń sun búrẹ́dì. Kẹ́nìkan nílé ṣí fèrèsé méjèèjì tó kọjú síra ní kété tí oòrùn bá wọ̀, kí kọ́tìnnì fèrèsé ìwọ̀-oòrùn sì wà ní títa látàárọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti tutù ju ti inú lọ, ẹ gbé fáànù kọjú sí fèrèsé kan kó máa lé ooru jáde fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó yí i padà sí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ni kó wà lójú fèrèsé kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ìwọ̀nyí kò ná nǹkan kan. Àlàfo láàárín páànù àti sílíǹgì tó ní ihò afẹ́fẹ́ dáadáa ń dín ooru kù gan-an, àmọ́ ìyẹn di ọ̀rọ̀ onílé.

Fún ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn sí ni. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, òru ló ń jẹni jù. Nẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú á máa ta yín, ẹ ó sì dá nẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Ọṣẹ lásán àti omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ó kéré tán oṣù mẹ́ta síra wọn, láìsí bílíìṣì, kí ó gbẹ níbòòji torí oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀. Ẹ rọ etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yíká. Àwọn tó ń sọ pé nẹ́ẹ̀tì ń móoru kò parọ́, ó ń dín agbára fáànù kù. Èyí tó ní igun mẹ́rin sàn ju olóbìrípo lọ, torí kì í lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ sì gbé fáànù sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, kó má jẹ́ láti òkè àjà.

Bí ẹ bá ń fín oògùn ẹ̀fọn, ẹ fín in nígbà tí ẹ ń jẹun, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ kọjá kí ẹ tó wọlé. Dichlorvos, oògùn oko ni, ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá rárá. Ọdún 2019 ni NAFDAC dá títa ìgò 100 ml rẹ̀ dúró.

Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí èéfín rẹ̀ ń lọ, kí ẹ tó wá ro ti ariwo. Bí ó bá wà lábẹ́ fèrèsé yín, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ lónìí. Carbon monoxide inú èéfín yẹn kò ní òórùn, a kò lè fojú rí i, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ó kéré tán, kó jìnnà sí ilé ní mítà 6, kí ẹnu èéfín kọjú síbi tí kò sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé tí wọ́n bá jí, kí ara wá fúyẹ́ bí wọ́n ṣe jáde síta, ẹ fura.

Fún ariwo, fóòmù etí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn dára, ọ̀pọ̀ kò kàn mọ̀ ọ́n lò. Ẹ fi ìka lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 títí yóò fi wú. Èyí tí ẹ kàn tẹ̀ mọ́ ẹnu etí kò dí nǹkan kan.

Ará Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ Ààjìn, láti 8:30 sí 11, kí ni kí n máa ṣe? Èkejì, ìṣọ́ òru ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Fúráìdè tó kẹ́yìn oṣù. Ìyàwó mi sì ní mo máa ń hanrun.

Ọmọ Ààjìn:
Ẹ jẹun ní kété tí ẹ bá dé, kó má kọjá aago 9. Ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ata gbígbóná nílò wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyà á máa ta yín. Ẹ wẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín 9:30 sí 10, fún bí ìṣẹ́jú 10. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ooru inú ara á gbabẹ̀ jáde, ìtútù inú ara yìí ló sì ń pe oorun. Omi tútù nini máa ń la ojú sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ pa gílóòbù funfun, ẹ tan aláwọ̀ òféèfèé. Ẹ lọ aṣọ, ẹ di oúnjẹ ọ̀la, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la sínú ìwé, títí kan gbèsè tí ń dun ọkàn, kó má tẹ̀ lé yín dórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí àkókò sísùn bá wá ń padà sí 9:30, oúnjẹ alẹ́ ló máa di ìṣòro. Ìgbà yẹn, ẹ jẹ oúnjẹ gidi ní ibi iṣẹ́ kó tó di aago 5, kí ẹ fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ parí rẹ̀ nílé.

Ìṣọ́ òru ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò bà á jẹ́. Ní Fúráìdè yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí òògbé inú BRT, ẹ sùn ún dáadáa. Tí ẹ bá dé láàárọ̀, ẹ sùn títí di aago 8, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ tún rẹjú fún ìṣẹ́jú 30 ní aago 1, kí ẹ dúró de àkókò yín lálẹ́. Obì inú ìṣọ́ òru, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn aago 12 òru.

Híhanrun ló kàn mí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá èémí yín máa ń dá dúró díẹ̀, kí ẹ tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, tí ẹnu ń gbẹ yín láàárọ̀, tí orí ń fọ́, tí ẹ̀jẹ̀ yín ru tàbí ọrùn yín gbòòrò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò oorun tí mo kọ sókè yẹn. Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH tàbí LASUTH. Ọ̀nà èémí tó ń dí lóru ni, a kì í fi àṣà alẹ́ wò ó sàn. Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ yẹra fún ọtí lálẹ́.

Màmá Tọ̀míwá:
Ẹ dákun, ìrọ̀rí mélòó ló yẹ kéèyàn lò? Ọkọ mi ń to mẹ́ta léra.

Apòògùn Òṣogbo:
Mà, ọ̀kan. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn nílò èyí tó ga tó àlàfo láàárín èjìká àti etí rẹ̀, kí ọrùn wà ní gbọọrọ. Mẹ́ta á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ọrùn á ro ó, híhanrun á sì le sí i. Tó bá jẹ́ torí àyà títa ló ṣe ń tò wọ́n, kí ó ki búlọ́ọ̀kù tàbí igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ní ìhà orí, kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì dà gẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èémí kì í dalẹ̀ fún un tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, mà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.